Kí A Tó Tẹ "Mo Gbà" Lórí Fóònù

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé Kánò, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì ni kì í dúró de ọkọ̀ tó ń kó ìwé ìròyìn bọ̀ láti Èkó mọ́. Orí fóònù la ti ń ka ìròyìn ilé. Ṣùgbọ́n kí ìròyìn náà tó ṣí, àkọlé kan a kọ́kọ́ dí ojú fóònù, a ní kí a tẹ "Accept all", ìyẹn ni pé a gba gbogbo rẹ̀. A ó sì tẹ̀ ẹ́ kíákíá, bí ẹni tí ń lé eṣinṣin.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń gbà. Iléeṣẹ́ ìròyìn náà àti àwọn tó ń bá a polówó ọjà yóò fi àmì kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní kúkì, sínú fóònù wa, kí wọ́n lè máa dá wa mọ̀. Kí ojú ìwé náà tó ṣí tán, wọ́n ti lè fi àyè ìpolówó rẹ̀ ṣe gbàǹjo fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, kí wọ́n sì sọ fún wọn irú fóònù tí a ń lò, agbègbè tí a wà àti ohun tí a ń kà.

Ẹni tó ń ka ìròyìn ìlú rẹ̀, ti ẹ̀sìn rẹ̀ àti ti àìsàn tó ń bá a jà, ti sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láìla ẹnu. Àwa tí a kò gbàgbé Kàdúná lọ́dún 2000 àti Jọ́ọ̀sì lọ́dún 2001 mọ̀ pé ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ènìyàn kì í ṣe ọjà tí à ń pàtẹ.

Òfin wà lẹ́yìn wa. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà ọdún 2023 sọ pé dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà, àti pé bó ti rọrùn láti gbà ni kó rọrùn láti yí ohùn padà. Ní ilẹ̀ Faransé, lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, àjọ tó ń bójú tó ààbò dátà kéde owó ìtanràn mílíọ̀nù 150 Yúrò fún Google àti mílíọ̀nù 60 fún Facebook, nítorí pé gbígbà rọrùn lọ́dọ̀ wọn ju kíkọ̀ lọ.

A kò sọ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn má gba ìpolówó. Òun ló jẹ́ kí a máa kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a ń bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí "mo kọ̀" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "mo gbà", kí wọ́n tóbi bákan náà, kí àlàyé rẹ̀ sì yé mẹ̀kúnnù.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí "Reject all" bá wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni láti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi han àwọn àgbà ní ìpàdé ẹgbẹ́ oṣooṣù bí a ti ń pa kúkì rẹ́ lórí fóònù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.