Ẹ Yéé Fi Ìlẹ̀kẹ̀ Àná Ṣe Fáàrí

Ní ọjọ́ àṣà tí a ṣe kẹ́yìn, gbogbo wa la wọ iyùn. Ọkùnrin fi sí ọrùn ọwọ́, obìnrin fi sí ọrùn, ó tún fi sórí. Ọ̀kan nínú wa wá fẹ́ mọ̀ bóyá ojúlówó ni èyí tí wọ́n tà fún un. Ó ṣáná sí ẹyọ kan. Ká tó pajú dé, iyùn ti yọ́, ó ń rùn lala. Ike ni! A rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni ojú tì wá, òun la fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síbí.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. A fẹ́ràn fáàrí. Bí àlejò bá dé, a óò ní Ifẹ̀ ni orírun ìlẹ̀kẹ̀. A kò sì purọ́. Ní Igbó Olókun, nínú ìlú yìí kan náà, Dókítà Abídèmí Babalọlá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Láàárín sẹ́ńtúrì 11 sí 15 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe gíláàsì àjèjì ni wọ́n kàn ń yọ́. Ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó wọn ni wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti rí irú gíláàsì yìí dé ilẹ̀ Mali.

A kì í sì í gbàgbé láti bú Leo Frobenius, ará Jámánì tó dé Ifẹ̀ ní 1910, tó ní àwọn àtọ̀húnrìnwá láti Atlantis ló ni ọnà tí òun rí. Ó tọ́ ká bú u. Ṣùgbọ́n bó bá jí lónìí, tó ní ká ṣe ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo lójú òun, kí la óò fi hàn án? Ike?

Ti gíláàsì nìyẹn. Ti òkúta ńkọ́? Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, àwọn tó ń fi òkúta pupa ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kó iṣẹ́ wọn lọ sí Ìlọrin. Lantana ni orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ náà. Wọ́n á ṣá òkúta náà wẹ́wẹ́, wọ́n á fi irin tín-ín-rín lu ihò sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán. Ọba àti ìjòyè ló ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ òkè òkun pọ̀ lọ́jà, iṣẹ́ náà rẹlẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí díẹ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ òkè òkun yẹn ti wá. Ìlú kan wà ní Jámánì tó ń jẹ́ Idar-Oberstein. Òkúta ágéètì tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní sẹ́ńtúrì 19. Wọn kò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ń ra òkúta láti Brazil, wọ́n ń gé e, wọ́n ń dán an, wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń tà dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí. Títí di òní, òkúta olókùúta ni wọ́n fi ń jẹun.

Àwa tí tiwa kò tíì tán ńkọ́? Tọmalíìnì àti òkúta iyebíye mìíràn ń jáde ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lápá Komu. Wọ́n ń kó o wá sí ọjà òkúta ní Ìbàdàn, ó sì ń bá ibẹ̀ lọ sí òkè òkun nínú àpò, láìgé, láìdán. Ẹni tó wa kòtò gba owó erùpẹ̀. Ẹni tó gé e ló gba owó òrùka.

Ẹnìkan á ní, “Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni yóò wá máa gé òkúta?” Rárá o. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó mọ orúkọ irin tí wọ́n fi ń lu ihò lantana? Ta ló yẹ kó mọ ohun tí wọ́n ń pe òkúta kó tó dán, àti lẹ́yìn tó bá dán? Bí iṣẹ́ bá kú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ a kú tẹ̀lé e. Ọdọọdún là ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí sinimá àti orin. Kí ẹni mẹ́ta péré nínú wa lọ sí Ìlọrin, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbàlagbà tó ṣì rántí, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, tiyín náà nìyí: owó aṣọ ẹgbẹ́ ọdún kan péré tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ ìgékùúta fún ọ̀dọ́ ìlú yìí tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ẹ ronú sí i.

Àwọn àgbà ní ìdí ọmọ ẹni kì í burú ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Àwa ń kó òkúta fún ọmọ ẹlòmíràn kó fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, a sì ń so ike mọ́ ìdí ọmọ tiwa. Ó tó gẹ́ẹ́.