Bí onílé bá lọ sọdún, ta ni yóò tọ́jú ajá? Ìbéèrè tó yẹ kí Kabba dáhùn kí Kérésìmesì tó dé

Bí ọdún Kérésìmesì bá ti ń kanlẹ̀kùn, èrò a máa pọ̀ lójú ọ̀nà Àbújá sí Lọ́kọ́jà. Àwọn ọmọ Ọ̀wẹ̀, Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ tí iṣẹ́ ajé ti gbé lọ sí Àbújá, Èkó, Ìlọrin àti Kàdúná a máa darí wálé láti bá ẹbí wọn ṣọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò tó fi Kabba ṣe ibùgbé, ṣùgbọ́n tí ìlú wọn wà níbòmíràn, a máa ti ilẹ̀kùn, tí wọn a sì gba ìlú tiwọn lọ. Wọn a ti ra ìrẹsì, wọn a ti rán aṣọ ọmọ, wọn a ti ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kì í rántí títí di òru ọjọ́ ìrìn àjò ni ajá tó ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Àwọn kan yóò ní kí ni ti ajá nínú ọ̀rọ̀ ìlú, nígbà tí ènìyàn gan-an kò tíì jẹun yó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ti ajá lọ. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn tí àwọn ajínigbé ti ń da àwọn ará ilẹ̀ Okun láàmú lójú ọ̀nà àti nínú oko, ajá ti di ọlọ́dẹ fún ọ̀pọ̀ ilé tí kò lágbára àtigba ọlọ́dẹ tó jẹ́ ènìyàn. Àsìkò tí onílé kò sí nílé ni olè sì ń wá. Bí ebi bá pa ajá náà kú, tàbí tí ó já lọ, ilé kò ní aláàbò mọ́ nìyẹn. Bí ó bá sì já lọ láìgba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ewu rẹ̀ kì í mọ sí ilé ẹni tó ni ín.

Láyé àtijọ́, ìbéèrè yìí kò le. Nínú agbo ilé, gbogbo ènìyàn kì í rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọdẹ bá lọ sí ìlú àna rẹ̀, ìyá àgbà wà nílé, àbúrò wà nílé, oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù sì ni oúnjẹ ajá. Ará ilé mọ̀ pé ajá yìí ló ń bá ọdẹ gbóòórùn ẹran nínú igbó, àti pé bí ọdẹ bá pa ẹran, gbogbo ilé ni yóò jẹ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó ìtọ́jú ajá, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo agbo ilé ló ń san án díẹ̀díẹ̀.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé ti di ti bàbá, ìyá àti ọmọ, pẹ̀lú ògiri gíga àti géètì irin. Bí wọ́n bá ti jáde, kò sẹ́ni tó kù. Ajá pàápàá ti yí padà. Àwọn kan ti fi ajá ìbílẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń ra ajá ilẹ̀ Jámánì, Rottweiler àti Boerboel ti South Africa, tí oúnjẹ wọn pọ̀, tí wọn kì í sì í gba àjèjì láàyè. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú ajá bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ èrò yóò ṣòro fún láti rí awakọ̀ tí yóò gbà, tàbí èrò tí yóò jókòó tì í.

Ní Èkó àti Àbújá, àwọn ilé ìwòsàn ẹranko kan àti àwọn tó fi ìtọ́jú ajá ṣiṣẹ́ a máa gba ajá sọ́dọ̀ fún arìnrìn-àjò. Iye ọjọ́ ni wọ́n fi ń gbowó. Ẹni tó bá ń lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì yóò san owó ọjọ́ kan ní ìlọ́po mẹ́rìnlá. Bí ajá bá jẹ́ méjì, ó di ìlọ́po méjìdínlọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo kan fò láti iye tí kò tó 200 náírà kọjá 450, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sì tẹ̀ lé e. Olùkọ́ tó ń gba owó oṣù ní Kabba kò lè mú owó ọkọ̀ ìdílé rẹ̀ fi san owó ibùsùn ajá. Irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú bí Kabba, Iyara, Mopa àti Isanlu.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wá kù fún mẹ̀kúnnù. Àwọn kan a so ajá mọ́lẹ̀, wọn a bu oúnjẹ púpọ̀ sínú abọ́. Kó tó di ọjọ́ kẹta oúnjẹ ti bàjẹ́, ọyẹ́ àti oòrùn sì ti gbẹ omi. Àwọn mìíràn a tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá oúnjẹ fún ara rẹ̀. Àwọn tó kù a fún ọmọ aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́ géètì, kí ó máa gbé oúnjẹ fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí wọ́n bá dé, wọn a fún un ní búrẹ́dì àti owó díẹ̀. Ọ̀nà kẹta yìí ló rọrùn jù lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun ló sì dà bí ẹni pé owó rẹ̀ kéré jù. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣírò ni iye tó lè ná ọmọ náà.

Àrùn digbòlugi ni ewu ibẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú ènìyàn 100 tó bá mú, ajá ló kó o ran 99. Nínú 100 tí ẹranko tí wọ́n fura sí pé ó ní àrùn náà gé jẹ, nǹkan bí 40 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Àrùn náà sábà máa ń fara pamọ́ fún oṣù méjì sí mẹ́ta kí ó tó farahàn. Bí ó bá ti farahàn, tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, tí ọkàn rẹ̀ sì ń dàrú, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ènìyàn tó yè é. Ìyẹn ni pé ọmọ tí ajá gé jẹ lásìkò ọdún lè máa ṣeré kiri títí di oṣù Kẹta, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ.

Ajá tí wọ́n tú sílẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Yóò bá ajá ìgboro ṣe, wọn yóò jà, wọn yóò gé ara wọn jẹ. Ó tún lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń jí ajá tà fún ẹran, nítorí àwọn apá kan wà ní Nàìjíríà tí wọ́n ti ń jẹ ẹran ajá. Àwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò digbòlugi nínú ọpọlọ ajá tí wọ́n pa fún jíjẹ ní ìpínlẹ̀ Plateau, ẹni tó ń so ajá àti ẹni tó ń pa á ló sì kọ́kọ́ wà nínú ewu.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1963 ni òfin ti wà lórí àwọn tó ń gba ajá alájá sọ́dọ̀ fún owó. Wọ́n sì tún un ṣe fún England ní 2018. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì máa ń béèrè ìwé àjẹsára kí ajá tó wọlé. Digbòlugi kò sí láàárín ajá níbẹ̀ mọ́. Nítorí àwọn àrùn bíi parvo, tó máa ń pa ọmọ ajá, ni wọ́n ṣe ń béèrè. Ilẹ̀ tí digbòlugi kò sí ń béèrè ìwé kí wọ́n tó gba ajá lálejò. Ilẹ̀ tí digbòlugi wà ń gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ìtọ́jú tí apá mẹ̀kúnnù ká wà, ṣùgbọ́n ìmúrasílẹ̀ ni yóò mú un wá. Èkíní ni àjẹsára. Láti ìgbà tí ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta ló ti lè gba ti digbòlugi, wọ́n sì sábà máa ń tún un fún un lọ́dọọdún. Ó gbà tó oṣù kan kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó ràn án dáadáa, nítorí náà ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò ti pẹ́ jù. Abẹ́rẹ́ kan ni ti ajá. Ti ènìyàn tí ajá bá gé jẹ sábà máa ń tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, láìka owó ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn mọ́ ọn. Ẹ̀kejì, àgbàlagbà ni kí wọ́n gbé ajá lé lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọdé, kí ajá sì ti mọ ẹni náà fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ìdílé méjì lè ṣe é bí àáró: ẹni tó lọ ní Kérésìmesì yóò tọ́jú ajá ẹnìkejì nígbà Àjíǹde. Bí ó bá sì jẹ́ owó ni, kí wọ́n dá iye lé e, kí wọ́n san apá kan sílẹ̀, kí wọ́n fi oúnjẹ àti nọ́ńbà dókítà ẹranko sílẹ̀. Ojú lè máa ti ènìyàn láti bá ará ilé sọ̀rọ̀ owó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò ní àdéhùn ni wọ́n máa ń tì sọ́rùn ọmọdé. Bí ajá bá sì gé ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí wọ́n fi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ata tàbí epo kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. WHO sọ pé bí 70 nínú 100 ajá àdúgbò bá gba àjẹsára, àrùn náà kò ní ráyè tàn ká mọ́; àwọn àjọ àgbáyé sì ti fi ọdún 2030 ṣe òpin tí digbòlugi láti ara ajá kò gbọdọ̀ pa ènìyàn mọ́. Abẹ́rẹ́ náà kò jìnnà: ilé ìwádìí àìsàn ẹranko tó wà ní Vom, nítòsí Jos, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é nínú orílẹ̀-èdè yìí. Ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ni Ọjọ́ Digbòlugi Àgbáyé, ó sì fi bí oṣù mẹ́ta ṣáájú Kérésìmesì. Bí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Kabba/Bunu, Ijumu, Yagba East, Yagba West àti Mopa-Muro bá ń fi ọjọ́ yẹn fún ajá ní abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí olówó pọ́ọ́kú, ajá ilẹ̀ Okun yóò ti ní ààbò kí àwọn onílé tó di ẹrù.

Àwọn àgbà ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn a pa ọ̀bọ. Ajá tí onílé so mọ́lẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ kò lẹ́ni lẹ́yìn. Ọmọ aládùúgbò tí wọ́n ní kó máa gbé oúnjẹ fún un náà kò lẹ́ni lẹ́yìn, bí kò bá sí abẹ́rẹ́ lára ajá, tí kò sì sí àgbàlagbà nítòsí. Kí Kérésìmesì tó ń bọ̀ tó dé, àwọn méjèèjì ló yẹ kí onílé rò mọ́ ìnáwó ọdún.