Ayẹta là ń dán wò, ta ló ń dán ìbọn wò?

Irú ìròyìn yìí kì í pẹ́ kó tó tún jáde. Àwọn ọ̀dọ́ kan gba òògùn ayẹta lọ́wọ́ bàbá kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jẹ́. Ọ̀kan dúró, èkejì gbé ìbọn ṣakabùlà, ó yìn ín, ẹni tó dúró kò dìde mọ́. Ọlọ́pàá á kó ẹni tó yìnbọn, wọ́n á tún kó ẹni tó ṣe òògùn. Àwa tó ń ka ìròyìn á mi orí, àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín lórí Facebook, ó di ìgbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò nílẹ̀, torí òun ni mo kọ́ nílé ìwé. Ẹni tó yìnbọn sábà máa ń sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá pé, "Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n yìn ín." Ọ̀rọ̀ yẹn kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Abala 299 nínú Criminal Code ìjọba àpapọ̀ sọ pé bí èèyàn bá tiẹ̀ gbà kí wọ́n pa òun, ìyẹn ò yọ ẹni tó pa á nínú ẹ̀bi. Kò sí "a kàn ń dán an wò ni" níbẹ̀.

Àmọ́ ìbọn yẹn gan-an ló ń ká mi lára lónìí. Gbogbo ẹni tó péjọ síbi tí wọ́n ti ń dán ayẹta wò ló gbà pé ìbọn ti yege, òògùn nìkan ló kù tó ń ṣe ìdánwò. Ta ló sọ fún wọn? Ṣakabùlà kì í ṣe ohun tó ń dún nígbàkígbà tí a bá ní kó dún. Bí ẹ̀tù bá ti gba omi díẹ̀, bí ihò tín-ín-rín tí iná ń gbà wọlé bá ti dí, bí òkúta tó ń ṣáná bá ti kú, ìbọn á kọ̀. Ní ọjọ́ tó bá kọ̀, òògùn ló máa gba ìyìn. Wọ́n á jó, wọ́n á yọ̀, wọ́n á sọ fún gbogbo àdúgbò pé ó jẹ́. Ẹ̀tù tó tutù ló ṣiṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá tún gbé òògùn kan náà dúró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á rí i.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìbọn kì í kọ̀ pátápátá, ó kàn ń lọ́ra ni. Iná ti wọlé, ẹ̀tù ṣì ń rú èéfín jẹ́jẹ́. Ẹni tó dì í mú á yí ẹnu ìbọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kó lè wo ohun tó ṣe é. Ibẹ̀ ni yóò ti dún.

Kí wá ni wọ́n fi ṣe ìbọn ọ̀hún? Láyé àtijọ́, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń wá, ìdí nìyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é ní Dane gun, torí àwọn ará Denmark wà lára àwọn tó ń kó o wá tà ní etíkun Gíní. Lónìí, alágbẹ̀dẹ wa ló ń rọ ọ́. Páìpù omi ni òmíràn, irin sítíárìn ọkọ̀ ni òmíràn. Mi ò tàbùkù alágbẹ̀dẹ o. Ọwọ́ wọn dá, iṣẹ́ Ògún ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ ẹni tó ṣe páìpù omi kò ní i lọ́kàn pé ẹ̀tù máa gbiná nínú rẹ̀. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó máa gbà á àti èyí tó máa bẹ́ sọ́wọ́ ọlọ́de. Ẹ wo ìka ọwọ́ àwọn bàbá ọdẹ kan lábúlé yín, ẹ óò mọ ohun tí mò ń wí.

Àwọn tó ń kó ìbọn tà fún wa mọ èyí tipẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń rọ ìbọn ní London gba ìwé àṣẹ ọba ní 1637, dídán ọ̀pá ìbọn wò sì di iṣẹ́ wọn. Ní 1813, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣòfin tó dá irú ilé ìdánwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Birmingham, ìlú tí ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti wá. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò le: wọ́n á rọ ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú ọ̀pá, wọ́n á yìn ín níbi tí kò sí èèyàn. Bó bá máa bẹ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ́. Èyí tí kò bá bẹ́, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i lára. Òfin tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀ ní 1868 ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Ọ̀pá nìkan kọ́ o, ọta náà wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn ṣì wà tó ń fi ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń ki láti ẹnu ṣeré ìdárayá. Tiwọn yàtọ̀ sí ṣakabùlà díẹ̀: inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà tó lọ́ bí okùn, tó ń mú kí ọta máa pòyì bó ṣe ń lọ. Òjé ni wọ́n ń yọ́, tí wọ́n á dà sínú mọ́ọ̀dù. Bó bá tutù, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ọta tí afẹ́fẹ́ há sí nínú máa ń fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kì í sì í lọ tààrà. Òjé tó rọ̀ ni wọ́n ń wá. Ọta tí Minié, ọ̀gágun ará Faransé, gbé jáde ní 1849 ní kòtò nídìí. Bí ẹ̀tù bá gbiná, ìdí náà á fẹ̀, á di ìlà inú ọ̀pá mú. Bí òjé bá le jù, kò ní fẹ̀. Ọta roboto ní tiẹ̀, aṣọ pélébé tí wọ́n fi ọ̀rá pa ni wọ́n ń fi wé e.

Wọ́n á gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, wọ́n á yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún sí bébà kan náà, wọ́n á wo bí ihò márààrún ṣe sún mọ́ra. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n á yí padà, ìwọ̀n ẹ̀tù tàbí aṣọ tàbí òjé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Kódà wọ́n máa ń fàmì sára ọ̀pá tí wọ́n fi ń kì í, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọta ti jókòó lé ẹ̀tù dáadáa, torí àlàfo láàárín méjèèjì lè mú kí ọ̀pá ìbọn wú tàbí kó fọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Òyìnbó ń fi tiẹ̀ ṣeré, àwa ń fi tiwa wá ẹran." Èmi náà rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣeré ń wọn ẹ̀tù. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lórí ẹ̀ ń fi àtẹ́lẹwọ́ bù ú.

Kí làwa ń kì sínú tiwa? Èérún irin, ìṣó, ohunkóhun tó bá le. Àwọn kan ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ kí wọ́n lè yọ́ òjé inú ẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ẹ má gbàgbé Zamfara ní 2010, níbi tí eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà ti pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Èyí tó tún burú ni ti ẹni tó ń tú ẹ̀tù inú katiríìjì ìgbàlódé sínú ṣakabùlà. Agbára ẹ̀tù yẹn ju ohun tí irin àgbẹ̀dẹ lè gbà lọ fíìfíì.

Láti January 2020 tí wọ́n ti gbé Àmọ̀tẹ́kùn dìde, àwọn ọdẹ wa ti ń bá ìjọba ṣọ́ igbó àti ọ̀nà oko, ṣakabùlà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ìbọn bá bẹ́ mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ṣé ọ̀rọ̀ tara ẹ̀ nìkan ṣì ni? Àwọn gómìnà á ní ọ̀rọ̀ ìbọn wà lábẹ́ Abuja. Òótọ́ ni, òun ló wà ní nọ́ńbà 2 nínú àwọn nǹkan tí òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi sílẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀ nìkan. Àmọ́ kò sí òfin tó ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ máà sọ fún ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé, "A ò ní rán ọ wọgbó àfi tí a bá ti dán ìbọn ọwọ́ ẹ wò."

Ibi tó ti le nìyí: Òfin Ìbọn ti 1959 ka rírọ ìbọn láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ń sá fún ọlọ́pàá kò lè fi orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀, ọdẹ kò sì ní gbé ìbọn lọ síbi tí wọ́n á ti bi í pé ta ló rọ ọ́. Bí ẹ bá gbé ìdánwò yìí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kò sẹ́ni tó máa yọjú. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọdẹ fúnra wọn ló yẹ kó wà. Ọjọ́ ìpàdé wọn ti wà nílẹ̀. Ohun tí wọ́n nílò ò ju pápá tó jìnnà sílé, òkìtì iyẹ̀pẹ̀, okùn gígùn tí wọ́n á fi yìn ín láti ẹ̀yìn ògiri, àti alágbẹ̀dẹ àgbà kan tó mọ irin. Èyí tó bá yege, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Èyí tó bá bẹ́, kí ìjọba ìpínlẹ̀ ran ọdẹ náà lọ́wọ́ láti ra òmíràn, torí bí ẹ bá gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ láìfún un ní nǹkan kan, lóṣù tó ń bọ̀ yóò fi tiẹ̀ pa mọ́ sílé.