Lẹ́tà Arẹwà Tí Kò Lámì

Ìwé ìpè ìgbéyàwó kan tẹ̀ mí lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn Mápó ni ìnáwó náà. Lẹ́tà ara rẹ̀ wù mí: ó rọ̀, ó fa ìrù, bí ẹni pé akọ̀wé àtijọ́ ló fi gègé kọ ọ́. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ yẹ ìwé ìpè àti ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n níbi tí 'ọkọ ìyàwó' yẹ kí ó wà, 'oko iyawo' ni mo bá. Ṣé oko ni a fẹ́ fa ọmọ fún ni?

Àwọn kan ní àmì ń ba ẹwà lẹ́tà jẹ́. N kò gbà. Ní 1852, nígbà tí ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà òjé, ìwé gírámà Crowther lo àmì abẹ́ lẹ́tà. Àwáwí wo ni ó kù fún wa lórí kọ̀ǹpútà?

Kí a tó sanwó fún atẹ̀wé ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjàaba, ẹ jẹ́ kí a ní kí ó kọ́kọ́ tẹ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn wò. Lẹ́tà tí kò bá lè kọ orúkọ wa, kí a fi í sílẹ̀. Funfun ni iyì eyín; àmì ni iyì Yorùbá kíkọ.