Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀: Ìbò Àwọn Olùdíje Nínú Ìdíje Ìkọ̀wé

Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé bá kó ara wọn jọ láti díje, tí kò sí owó níbẹ̀, tí kò sí ife-ẹ̀yẹ, tó jẹ́ pé ẹ̀bùn kan ṣoṣo tó wà ni kí ẹgbẹ́ sọ pé lágbájá ló kọ ọ́ dáadáa jù, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé kò sí ohun tó lè dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé ìyìn ẹlẹgbẹ́ ẹni ni òǹkọ̀wé ń wá ju owó lọ. Ẹni tí wọ́n fi owó rẹ́ jẹ lè gbàgbé. Ẹni tí ó bá rò pé wọ́n fi ojúsàájú ti ìtàn òun sẹ́yìn lè má kọ òmíràn mọ́. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi máa ń gbóná nínú ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ju bó ti yẹ lọ: ṣé ó tọ́ kí ẹni tí ó ń díje tún wà lára àwọn tí yóò dìbò?

Èsì tó kọ́kọ́ ń bọ́ sí ènìyàn lẹ́nu ni pé kò tọ́. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí ní èdè Yorùbá mọ ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀. Bí ènìyàn méjìlá bá fi ìtàn ránṣẹ́, àwọn méjìlá náà gan-an ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n ka gbogbo ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá ti lé wọn kúrò nídìí àpótí ìbò, ta ni yóò dìbò? Àwọn mọ̀lẹ́bí àti ojúlùmọ̀ ni, àwọn tí a bẹ̀ pé kí wọ́n wá ti ọmọ wọn lẹ́yìn, tí wọn kò ka ju orúkọ tó wà lókè ìwé lọ. Nígbà náà, ẹni tí ó ní ẹbí púpọ̀ ni yóò borí. Èyí kì í ṣe ìdájọ́ òdodo. Ó kàn jẹ́ pé a gbé ẹ̀tanú kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó kàwé, a gbé e fún ẹni tí kò kàwé ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 480 ṣáájú ìbí Kírísítì, lẹ́yìn tí àwọn ará Gíríìsì ti ṣẹ́gun ọkọ̀ ogun Páṣíà ní Salamis, àwọn ọ̀gágun wọn péjọ láti yan ẹni tí ó ṣe bí akọni jù lọ nínú ogun náà. Herodotus, òpìtàn ayé ìgbàanì, ló fi ìtàn náà sílẹ̀. Olúkúlùkù ọ̀gágun ni yóò dìbò lórí pẹpẹ Poseidon, òrìṣà òkun wọn: yóò dárúkọ ẹni tó ṣe ipò kìíní, yóò sì dárúkọ ẹni tó ṣe ipò kejì. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, olúkúlùkù ti fi ara rẹ̀ sí ipò kìíní. Ṣùgbọ́n Themistocles ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi sí ipò kejì. Ìlara kò jẹ́ kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn náà. Oníkálukú wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó gba ilé lọ. Àwọn ará Sparta ni wọ́n padà wá fi adé ewé ólífì dá a lọ́lá nítorí ọgbọ́n rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí olùkọ́ fi ìtàn yìí hàn akẹ́kọ̀ọ́ ju pé ènìyàn fẹ́ràn ara rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìyẹn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé òtítọ́ wà nínú ìbò wọn. Nígbà tí ọ̀gágun kọ̀ọ̀kan ti fún ìmọtara-ẹni-nìkan ní tirẹ̀ tán, ibi tí ojú rẹ̀ tún yà sí sọ ẹni tí ó tọ́ gan-an. Bí òfin bá ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìbò fún ara rẹ̀, Themistocles ni ì bá gba ẹ̀bùn náà. Àwọn kan ń sọ pé kí a jẹ́ kí olúkúlùkù dìbò fún ara rẹ̀, nítorí gbogbo rẹ̀ yóò dọ́gba ní ìparí. Ì bá dọ́gba bí gbogbo wọn bá jẹ́ aláìtìjú bákan náà. Ẹni tí ìtìjú kò jẹ́ kó yan ara rẹ̀, tó wá jẹ́ pé irú ọmọ tí a kọ́ dáadáa nílé ni, òun nìkan ni yóò pàdánù.

Kíka ìbò fún ara ẹni léèwọ̀ kò parí iṣẹ́, ṣá o. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni márùn-ún: A, B, D, E àti Ẹ. Olúkúlùkù yóò yan iṣẹ́ mẹ́ta nínú ti àwọn mẹ́rin yòókù, yóò fún èkíní ní máàkì 3, èkejì ní 2, ẹ̀kẹta ní 1. Ká sọ pé gbogbo wọn mọ̀ lọ́kàn pé bí iṣẹ́ náà ṣe dára sí ni a ṣe tò wọ́n yẹn, A ló dára jù, Ẹ ló kẹ́yìn. Bí wọ́n bá dìbò ní òtítọ́, A yóò ní 12, B yóò ní 9, D yóò ní 6, E yóò ní 3, Ẹ kò sì ní rí nǹkan kan. Wàyí o, B ro ó pé A nìkan ló dí òun lọ́nà. Dípò kí ó fún A ní 3, ó fún Ẹ ní 3, E ní 2, D ní 1. Kò dìbò fún ara rẹ̀, kò rú òfin kankan. Síbẹ̀, A já bọ́ sí 9, B wà ní 9 tirẹ̀, wọ́n sì di ọ̀mì.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí D náà bá gbọ́n bíi B. Òun náà fún Ẹ ní 3, ó fún E ní 2, ó sì ju 1 sí A. A ní 7, B ní 7. D tó ń wá ipò gíga ní 5, E ní 5. Ẹ, tí iṣẹ́ rẹ̀ burú jù nínú gbogbo wọn, ní 6, ó sì gba ipò kẹta mọ́ D lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mú bírò kí ó ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n méjì péré ló bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè nawọ́ sí wọn, nítorí ó lè jẹ́ pé ìtàn Ẹ wù wọ́n lóòótọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ó tún ku èyí tí àwọn ènìyàn kì í kà sí ẹ̀ṣẹ̀ rárá, ìyẹn ni kí olùdíje má dìbò. Bí B bá kàn dákẹ́, tó ní ọwọ́ òun dí, máàkì A yóò já sí 9, tirẹ̀ yóò wà ní 9. Ọ̀mì náà nìyẹn! Ìdákẹ́ B ṣe A ní ibi kan náà tí ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀ ṣe é. Nítorí náà, nínú ìdíje tí àwọn olùdíje fúnra wọn ń dìbò, ìbò dídì kì í ṣe ẹ̀tọ́ nìkan, gbèsè ni. Ẹni tí kò bá san án, ó yẹ kí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ alága ẹgbẹ́.

Jean-Charles de Borda, ará Faransé kan tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò àti ọ̀gá nínú ọkọ̀ ojú omi, ló gbé irú ètò máàkì báyìí síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Páríìsì ní 1770. Wọ́n ní nígbà tí àwọn kan sọ fún un pé alárékérekè lè fi ètò náà ṣeré, ó ní olóòótọ́ ènìyàn ni òun ṣe é fún. Èsì náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò tó. Ètò tí ó jẹ́ pé olóòótọ́ nìkan ló ń fìyà jẹ kò lè sọ olóòótọ́ di púpọ̀.

Ìfẹ́ náà lè ba ìbò jẹ́ bíi ti ìkà. Nínú ìdíje orin Eurovision, tí orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ dìbò fún orin ara rẹ̀, gbogbo ayé ló mọ bí Gíríìsì àti Sípírọ́ọ̀sì ṣe máa ń fún ara wọn ní máàkì tó ga jù, 12. Nígbà tí ariwo irú nǹkan báyìí pọ̀, wọ́n dá àwọn adájọ́ padà sí àṣekágbá ìdíje náà ní 2009, kí ìbò wọn lè jẹ́ ìdajì pẹ̀lú ti àwọn òǹwòran. Nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé kékeré, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. A lè yọ orúkọ kúrò lórí ìwé, ṣùgbọ́n ta ni yóò yọ ohùn òǹkọ̀wé kúrò nínú gbólóhùn rẹ̀? Ẹni tó bá ti ka àròkọ ọmọ Èkìtì kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò dá a mọ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin nípa ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bọ́ sílẹ̀ láti inú ẹ̀ka-èdè rẹ̀. Síbẹ̀, kí a yọ orúkọ náà kúrò. Ó sàn kí ènìyàn máa fura pé ọ̀rẹ́ òun ló kọ ọ́ ju kí ó mọ̀ dájú lọ.

Àwọn tó ní kí a wá adájọ́ láti òde ní ẹ̀rí tiwọn. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, gba ipò kìíní nínú ìdíje Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ní 1966, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti kà á ní ilé-ìwé títí di òní. Adájọ́ gidi tún lè ṣe ohun tí olùdíje kò lè ṣe: ní 2004, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Nàìjíríà tí iléeṣẹ́ NLNG ń ṣe agbátẹrù rẹ̀, àwọn adájọ́ ní kò sí ìwé tó tó gbà á. Ìbò àwọn olùdíje kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láé. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ borí. Ṣùgbọ́n irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ ń gba owó, ó sì ń gba àkókò, àti pé ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kò wá ìwé tí yóò di ti àgbà. Ó wá bí ènìyàn yóò ṣe máa ka iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Adájọ́ òde kò lè bá a ṣe ìyẹn.

Àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀ pàápàá ti bá irú ìṣòro yìí wọ̀yá ìjà. Awò awọ̀nàjíjìn kò tó, àwọn tó fẹ́ lò ó pọ̀, àwọn tó sì mọ iṣẹ́ náà dé ibi tí wọ́n fi lè dájọ́ ni àwọn kan náà tó ń tọrọ rẹ̀. Láti 2015, ibùdó Gemini ní ètò kan tó jẹ́ pé àwọn olùtọrọ ni wọ́n ń yẹ ìwé ara wọn wò. Ibùdó ALMA ní Chile gba irú ọ̀nà yìí ní 2021: ẹni tó bá fi ìwé kan sílẹ̀ yóò ka mẹ́wàá ti ẹlòmíràn, yóò tò wọ́n, yóò sì kọ ọ̀rọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ṣe é, ìwé tirẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ìyẹn ṣeé ṣe ní kíláàsì ogójì ọmọ láìsí kọ̀ǹpútà kankan. Kí olùkọ́ fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ, kí ó pín iṣẹ́ mẹ́fà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì rí i pé iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan dé ọwọ́ ẹni mẹ́fà. Bí òun bá ló pín in, ọmọ kò lè yan ẹni tí yóò ràn lọ́wọ́, kò sì dájú pé yóò bá iṣẹ́ ẹni tó ń bá a dupò pàdé. Kí wọ́n má kàn kọ máàkì. Kí wọ́n kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta tó sọ ìdí. Ó rọrùn láti fún iṣẹ́ tó burú ní 3. Kò rọrùn láti kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ojú má ti ènìyàn.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde ẹni tó borí, kí wọ́n lẹ gbogbo ìwé ìbò mọ́ ara ògiri, pẹ̀lú àwọn ìdí tí wọ́n kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan yóò ní kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ nítorí àlàáfíà. Ní Lugano ní 1956, nígbà tí wọ́n ṣe Eurovision àkọ́kọ́, wọ́n gba orílẹ̀-èdè láyè láti dìbò fún ara rẹ̀, àwọn ará Switzerland ló sì bá Luxembourg dìbò nítorí adájọ́ wọn kò lè wá. Switzerland, tí ó gba ìdíje náà lálejò, ló borí. Wọn kò tẹ àbájáde ìbò náà jáde rí. Ó lè jẹ́ pé orin wọn ló dára jù lóòótọ́. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́rin ọdún báyìí, àwọn ènìyàn ṣì ń béèrè.