Kò Sí Àṣíborí, Kò Sí Ìje

Bí ọdún Iléyá bá ti ku ọ̀la, ìró alùpùpù tí wọ́n ti yọ sàláńsà rẹ̀ máa ń bo igbe àgbò mọ́lẹ̀ ní Sokodé, ní ilẹ̀ Togo. Bí ọdún Gadao àti Adossa bá dé, bákan náà ni. Àwọn ọ̀dọ́ á da epo inú ìgò tí à ń pè ní boudè sí tánkì, wọn á bọ́ sí títì. Ọ̀kan á ní òun ni yóò ṣáájú, èkejì á ní irọ́ ni, ẹ̀kẹta á gbé táyà iwájú sókè, á máa fi ti ẹ̀yìn nìkan sáré. Tchamba ń ṣe tirẹ̀. Kambolé, níbi tí èdè wa ti ń dún, kò gbẹ́yìn. Kò sí rẹfirí, kò sí dókítà, kò sì sí àṣíborí lórí ọ̀pọ̀ wọn. Àmọ́ òǹwòran kún ẹ̀gbẹ́ títì, àgbà sì pọ̀ láàárín wọn.

N kò bá ọ̀dọ́ jà. Àwa tí à ń wòran ni mo bá wá. Ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ń fi orí lásán sá ìje ti lọ́wọ́ nínú ohun tó bá ṣe orí náà. Nǹkan méjì ni mo fẹ́. Àkọ́kọ́, ẹni tí kò bá dé àṣíborí gidi, tàbí tí kò so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, kò gbọdọ̀ bá wọn sá ìje, ì báà jẹ́ ọmọ ọba. Èkejì, ẹni tó bá ṣubú tó fi orí gbálẹ̀, ìje tirẹ̀ parí lọ́jọ́ náà, ì báà máa rẹ́rìn-ín.

Èkejì yìí ni wọ́n máa ń bá mi jiyàn lé lórí jù. Wọ́n á ní, ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló dìde? Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọmọ ṣubú, orí rẹ̀ lu ilẹ̀, wọ́n gbé e dìde, wọ́n da omi piọ́wọ́tà sí i lórí. Ó gbọn eruku nù, ó ní, “Ta ló ṣe ipò kìíní?” Wọ́n dá a lóhùn. Kò pẹ́, ó tún ní, “Ta ló ṣe ipò kìíní?” Wọ́n tún dá a lóhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín gba ẹ̀gbẹ́ títì kan. Ẹnì kan bá a sítáàtì alùpùpù, ó gùn ún, ó tún di eré. Ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín yẹn gan-an ni àmì pé ọpọlọ ọmọ náà ti mì.

Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, inú omi ló sì wà nínú agbárí. Bí ara bá ń sáré lọ tí orí dúró lójijì, ọpọlọ kò tíì dúró. Yóò gbá agbárí níwájú, yóò padà gbá a lẹ́yìn, yóò sì lọ́. Agbárí lè má là, ẹ̀jẹ̀ lè má kán. Orí fífọ́, òòyì, èébì, kí ojú máa rí ẹyọ kan ní méjì, kí ènìyàn gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀: àwọn ni ẹ óò rí. Ìsinmi ni ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Bó bá tún gba òmíràn kí ti àkọ́kọ́ tó san, ó lè wú lójijì, kó sì pa ẹni náà. Àwọn mìíràn wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ já nínú agbárí wọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹun, kó tàkúrọ̀sọ, kó kí àlejò ọdún, kí ẹ̀jẹ̀ máa rọra dà sínú, kó máa tẹ ọpọlọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, títí yóò fi sùn tí kò ní jí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a óò ní ayé ló ṣe é.

Láti Kambolé gba Tchamba dé Sokodé, ó ju 60 kìlómítà lọ. Ilé ìwòsàn ńlá CHR wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn CHU Sylvanus Olympio ní Lomé, níbi tí àwọn oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ wà, tún jìn sí Sokodé tó bíi 340 kìlómítà. Ìlú tí irú dókítà bẹ́ẹ̀ jìnnà sí báyìí ló yẹ kó le jù lórí ọ̀rọ̀ àṣíborí. Àwa ni a wá rọ̀ jù.

Àwọn tó fi ìje alùpùpù ṣe iṣẹ́ ti kọjá ibi tí a wà yìí tipẹ́. Dókítà Eric Gardner, tó ń tọ́jú àwọn tó ń sá ìje ní Brooklands nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ta kú pé wọ́n gbọ́dọ̀ dé ohun líle sórí. Kánfáásì tí wọ́n fi fáníìṣì mú gan ni àṣíborí ìgbà náà. Àwọn asáré kùn, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ di dandan fún ìje Tourist Trophy ní erékùṣù Isle of Man lọ́dún 1914. Wọ́n ní lẹ́yìn ìje ọdún náà, dókítà ibẹ̀ ránṣẹ́ sí Gardner pé ọdọọdún lòun máa ń rí àwọn tí ọpọlọ wọn mì, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí òun kò rí ẹyọ kan. Ohun tí wọ́n mọ̀ ní 1914 ni à ń jiyàn lé lórí lónìí. Nígbà tí àwọn olùwádìí àjọ Cochrane kó gbogbo ìwádìí jọ lọ́dún 2008, wọ́n rí i pé àṣíborí ń dín ikú ẹni tó já lórí alùpùpù kù ní nǹkan bí 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní 69 nínú 100.

Síbẹ̀, àṣíborí kò lè ní kí ọpọlọ má mì rárá. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ní Mandalika lórílẹ̀-èdè Indonesia, alùpùpù Marc Márquez gbé e sọ sókè láàárọ̀ ọjọ́ ìje. Ó ti gba adé ayé nínú ìje alùpùpù lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nígbà náà, àṣíborí tó dára jù láyé ló sì dé. Ó dìde. Àwọn dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ti mì, wọn kò jẹ́ kó sá ìje náà. Bí wọ́n bá lè dá Márquez dúró, ta ni ọmọ adúgbò wa tí a kò ní dá dúró?

Wọ́n á ní kádàrá ni, pé bí ọjọ́ bá pé, kò sí ohun tí àṣíborí lè ṣe. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ wa. Ẹni tó bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́run, ṣebí Ànábì ní kó so ó ná, kó tó gbára lé Ọlọ́run? Ẹ̀yin náà, ẹ so okùn àgbọ̀n ná. Àwọn mìíràn á ní, ọ̀bẹ tí wọ́n ń fi gé ara lọ́jọ́ Adossa kì í sáà wọlé sí ara àwọn ará Sokodé. Ẹ lọ bi àwọn tó ń gba ọ̀bẹ sára bóyá wọ́n kàn ń jí bọ́ síta ni. Wọ́n máa ń mu ohun tí wọ́n ń mu kí ọ̀bẹ tó jáde. Àṣà yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé a kì í kojú ewu láìgbaradì.

Àwọn kan á ní òfin ni yóò ṣe é. Òfin Togo ti pàṣẹ àṣíborí, ẹ sì ń rí bí ọjọ́ ọdún ṣe ń rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò dé àṣíborí. Àwọn kan so igbá mọ́rí, àwọn kan dé ike ọ̀dà, èrò sì ń sá fún àṣíborí ọlọ́kadà nítorí wọ́n ní wọ́n ti fi oògùn sí i. Ẹ̀ṣọ́ ni ẹni tó dé igbá ń sá fún, kò ro ti orí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Vietnam, tí oòrùn rẹ̀ mú bí tiwa, òfin àṣíborí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2007, kò sì pẹ́ tí àwọn tó ń dé e fi lé ní 90 nínú 100. Kí ẹnikẹ́ni má fi ooru ṣe àwáwí fún mi mọ́.

Ti owó ńkọ́? Ẹni tó ra alùpùpù Haojue ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún sẹ́fà, tó dá owó ankárá ọdún, lè dá owó àṣíborí. Kó má sì jẹ́ ti àwọn bíríkìlà. Ẹ yí i padà, ẹ wo inú rẹ̀: fóòmù funfun tó le gbọ́dọ̀ nípọn níbẹ̀, torí òun ló ń rún kí orí má baà rún. Ẹ wá lẹ́tà E nínú òbìrìkìtì pẹ̀lú nọ́ńbà tó fi 05 tàbí 06 bẹ̀rẹ̀, àmì ìlànà 22 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Èyí tó bá ti bá orí ṣubú rí, ẹ sọ ọ́ nù. Fóòmù tó ti rún kì í padà bọ̀ sípò.

N kò sí lẹ́yìn àwọn tó ní kí wọ́n fòfin de ìje pátápátá. Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ẹ bá lé wọn nígboro, wọn á lọ máa sá a lóru lójú ọ̀nà Tchamba láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Kí àwọn olórí ìlú àti olórí kọ́múùnù ya títì kan sọ́tọ̀ fún wọn, kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa wo orí àti okùn kí ẹnikẹ́ni tó gbéra. Kí àwọn ìmáàmù sọ ọ́ nínú ìwáàsù Jímọ̀ tó ṣáájú ọdún. Kí àwọn olóṣèlú tó ń pín epo fún àwọn ọ̀dọ́ fi owó epo náà ra àṣíborí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjọ́ ọdún, àwa la kún ọjà. Ọmọ tó bá bọ́ sí títì lórí lásán, kí a kẹ̀yìn sí i, kí ẹnikẹ́ni má ta boudè fún un, kí ẹnikẹ́ni má yà á ní fọ́tò. Ìje tí kò ní òǹwòran kì í pẹ́ kú. Ẹni tó bá ní dandan òun yóò dúró pàtẹ́wọ́, kó dúró. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá ń béèrè ohun tó pa ọmọ ọlọ́mọ, kó má bá wa sọ pé ayé ni.