Owó Tí A Kò Jẹ Tán

Nínú gbogbo owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè kan lọ́dún, apá kan wà tí wọ́n máa jẹ, apá kan sì wà tí wọ́n máa fi ṣe ohun tó máa pẹ́: ọ̀nà, ìsédò, ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ. Apá kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé nìkan. Òun ló ń pinnu irú iṣẹ́ táwọn ọmọ wa máa rí ṣe lọ́la.

Ẹ wo ìlú Tamale ní àríwá Gánà, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìgbòho ti ṣòwò kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àjèjì lọ ní 1969. Gánà parí ìsédò Akosombo ní 1965. Láyé ìgbà yẹn, nínú 100 tí orílẹ̀-èdè náà bá pa, nǹkan bí 20 ló ń lọ sórí ohun tó máa pẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì ló ń fún Tamale níná títí di apá ìparí àwọn ọdún 1980, kí wáyà iná láti gúúsù tó dé ibẹ̀.

Kí ló fa ìdádúró? Owó kókó já wálẹ̀, gbèsè pọ̀, nǹkan sì le koko. Nígbà tó fi máa di 1983, ọdún ọ̀dá àti iná ìgbẹ́, ohun tó ń lọ sórí iṣẹ́ tó máa pẹ́ kò tó 5 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ń gbó, ẹ̀rọ náà ń gbó. Bí owó tuntun kò bá tó láti dí ohun tó gbó, ńṣe ni orílẹ̀-èdè ń padà sẹ́yìn, kódà bí ọjà bá ń kún.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, ó ti padà kọjá 20. Tamale rí tiẹ̀ gbà: wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1992, wọ́n kọ́ pápá ìṣeré fún ìdíje bọ́ọ̀lù Áfíríkà ti 2008, wọ́n sì ṣí afárá ojú títì àkọ́kọ́ ní àríwá Gánà ní March 2022.

Àmọ́ ní December ọdún yẹn kan náà, Gánà kéde pé òun dáwọ́ sísan ọ̀pọ̀ gbèsè ilẹ̀ òkèèrè dúró. Torí náà, kò tó ká kàn máa ka iye ohun tí wọ́n kọ́. Ẹ jẹ́ ká tún béèrè: Kí ló máa mú wọlé? Ta ló máa tún un ṣe? Báwo la ṣe máa san owó tá a yá?

Bó ṣe rí nínú ilé náà nìyẹn. Obìnrin tó ń ṣe òrí ní Tamale lè ná gbogbo èrè rẹ̀ lórí aṣọ ọdún, ó sì lè fi díẹ̀ ra ẹ̀rọ ìlọ̀, káwọn ọmọ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ odó gígún. Tó bá ra ẹ̀rọ, kó máa tọ́jú owó bẹ́líìtì pẹ̀lú, kó má sì yá owó tí èrè ẹ̀rọ kò lè san.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.